Ààlè Lọ́rùn Ìyàwó Ìkùukùu

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ẹ̀yin ará ilé, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn wá fọnná lọ́dọ̀ wa tí ẹ kò tíì lọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ na ẹsẹ̀, nítorí orúnkún mi ti di ilẹ̀kùn àtijọ́, kò ṣeé ṣí kó má ké. Ẹnu mi nìkan ni kò darúgbó. Eyín ti kó kúrò níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ilé tí àwọn ayálégbé bá ti kó jáde ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi ń rọ́ jáde lẹ́nu mi báyìí.

Ìtàn bàbá mi, Ọdẹ́ṣínà, ni mo fẹ́ sọ, ọdẹ tó jẹ́ pé bó bá wúkọ́ lásán, ẹtu á dágbére fún àwọn ọmọ rẹ̀. N kò bá a rin ìrìn àjò náà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ní irọ́ ni mò ń pa mọ̀ pé nítorí tèmi gan-an ló ṣe lọ: inú ìyá mi ni mo wà nígbà náà, mo sì ti kọ̀ jálẹ̀ pé n kò ní í jáde. Ohun tí bàbá mi rí ló sọ fún mi. Iyọ̀ nìkan ni mo fi sí i. Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, ta ni yóò tọ́ ọ wò?

Àwẹ̀ró ni ìyá mi ń jẹ́. Lọ́jọ́ tó mọ̀ pé òun lóyún, ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan sí ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn dàgbà, ó so, wọ́n jẹ ẹ́. Ọmọ tó hù ní ìdí rẹ̀ náà tún so, ìyá mi ṣì wà lórí ẹní pẹ̀lú ikùn tó dà bí òkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. Ìyá Ejídé, agbẹ̀bí ìlú Ìdí-Ọsàn tiwa, obìnrin tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ìdajì ìlú bọ́ sí, fi òróró pa ikùn náà, ó gbé etí lé e, ó sì mi orí.

"Ọdẹ," ni ó wí, "ọmọ yìí kò ṣàìsàn. Oríkunkun ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bó bá tún pẹ́ sí i níbẹ̀, ìyá rẹ̀ ni yóò bá a lọ."

Bàbá mi ya ẹnu. "Oríkunkun kẹ̀? Ta ló fi jọ?"

"Ẹ wo ojú yín nínú omi, bàálé mi," ni ìyá mi dáhùn lórí ẹní.

Ibẹ̀ ni mo ti dá sí ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, láti inú ikùn! Kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí? Ẹ̀yin tí ẹ jáde ní wéré, kí lẹ fi ìyára yẹn dà? Mo ní, "Kí ni mo fẹ́ wá ṣe lóde? Láti ibi tí mo wà ni mo ti ń gbọ́ òórùn ilé yìí. Ẹran gbígbẹ lókè àjà. Ajá ọdẹ mẹ́ta lábẹ́ ibùsùn. Ẹ̀wù ọdẹ tí omi kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Àfi tí mo bá gbọ́ òórùn Ìyàwó Ìkùukùu, n kò ní í yẹ̀ ní ìjókòó mi."

Gbogbo ènìyàn ló ti gbọ́ orúkọ Ìyàwó Ìkùukùu, kò sì sẹ́ni tó tíì rí i. Igi kékeré kan ni, kò ga ju ọmọge lọ, orí òkè tí ìkùukùu kì í kúrò lọ́jọ́ kan ló ń gbé. Wọ́n ní bó bá tanná, àwọn òkúta pàápàá á mí kanlẹ̀.

Bàbá mi lu àyà gbì. "Nítorí òdòdó? Èmi tí ẹfọ̀n ń yà fún lọ́nà?" Ó gbé ìbọn, ó gbé apó kọ́ èjìká. Ìyá mi di ìṣẹ́tí ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Ẹ má pẹ́ o. Agbára mi ń jò bí ìkòkò tó sán. Bí ẹ bá sì pàdé ènìyàn lọ́nà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má dúró ròyìn ara yín fún un."

Ẹ má bi mí bó ṣe rìn. Ẹsẹ̀ ọdẹ kì í ròyìn. Mo kàn mọ̀ pé ó bá ara rẹ̀ nínú igbó kan tí ojú àwọn iwin ibẹ̀ wà ní ìpàkọ́. Bí iwin bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, ẹ̀yìn àti ìpàkọ́ lo máa rí. Ìwọ á rò pé ó ń lọ, ìwọ á tẹ̀lé e wọ́ọ́rọ́wọ́ títí tí ẹ ó fi forí gbárí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe mú bàbá mi. Bàbá mi ń yọ́ tẹ̀lé ẹ̀yìn gìrìwò kan, ó ń rẹ́rìn-ín sínú pé òun ti rí ẹran ọdún, ìgbà tí ẹ̀yìn náà ṣẹ́jú ni ara rẹ̀ bù máṣọ.

"Ọmọ aráyé, o káàbọ̀ sínú ọbẹ̀ mi," ni iwin wí. "Ṣùgbọ́n n kì í jẹ ọlọ́gbọ́n, ọpọlọ wọn máa ń korò. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ adùn rẹ. Ọmọ kan wà. Bó ti ń wáyé ló ń ké. Kó tó ké tán, ẹni tó bí i ti sẹ́ ẹ. Gbogbo ará ilé á máa wo ara wọn lójú, oníkálukú á ní kì í ṣe tòun. Kí ni ọmọ náà?"

Bàbá mi ronú, ó ronú, orí rẹ̀ gbóná. Iwin bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta pọ́n eyín, ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀. Ẹ̀rù ń sọ̀kalẹ̀ láti orí bàbá mi, ó dé àyà, ó dé ikùn, ó bá ẹ̀wà tó jẹ kó tó kúrò nílé níbẹ̀. Àwọn méjèèjì kò rẹ́. Ẹnu kò tíì rí èsì fọ̀ tí ibòmíràn fi dáhùn: púùùù! Ó gùn, ó dún, ó sì ní ìró lẹ́yìn.

Bàbá mi yíjú wo ẹ̀yìn bí ẹni pé ẹnìkan tẹ̀lé e wá. "Kì í ṣe èmi o," ni ó wí.

Iwin da òkúta nù, ó ṣubú lulẹ̀, ó ń yí gbiri. "Ó gbà á! Isó ni! Ó dáhùn, ó ṣe àpẹẹrẹ, ó tún sẹ́ ẹ lójú mi! Kọjá, ọlọ́gbọ́n, kọjá kíákíá, mo fi orí ìyá mi bẹ̀ ọ́!" Ó ká apá sẹ́yìn, ó fi di imú.

Bàbá mi kì í fẹ́ sọ ibi yìí. Ìyá mi ló máa ń ránni létí. Ṣùgbọ́n èmi kò rí ìtìjú nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí iléèwé gíga, èwo nínú yín ló ti fi ìdí yege ìdánwò rí?

Nígbà tó jáde ní igbó yẹn, ó dé ìlú kan ní ẹsẹ̀ òkè, Tútù-Nini ni wọ́n ń pè é. Kùrukùru ibẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ènìyàn á máa fi ọwọ́ yà á bí aṣọ ìbòjú kó tó rí ọ̀nà. Omi kún ara àwọn ará ìlú náà, tí wọ́n bá ń rìn, ẹ ó máa gbọ́ fàkì, fàkì. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń fún ara wọn bí ẹni fún aṣọ, wọ́n á sì sá àwọn àgbà sórí okùn kí egungun wọn lè gbẹ díẹ̀. Bàbá mi bá ìyá arúgbó kan lórí okùn, ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ bí ìró tí wọ́n gbàgbé.

"Ẹ kúulé o, ìyá," ni bàbá mi wí. Kí ni kì bá tún sọ? A kì í kí ẹni tó wà lórí okùn ní "ẹ kú ìjókòó."

"Kúulé ràn mí lọ́wọ́ kọ́," ni ìyá náà dáhùn. "Yí mi padà. Ẹ̀yìn mi ti gbẹ kanrin, ikùn mi ṣì ń kán. Aya ọmọ mi sá mi tán, ó wọlé lọ sùn."

Bàbá mi yí i padà jẹ́jẹ́, ó tún ọrùn rẹ̀ gbé kọ́ dáadáa. Ara tu ìyá náà. Nígbà tó gbọ́ ibi tí bàbá mi ń lọ, ó mi gìrìgìrì lórí okùn.

"Òkè ni Ìyàwó Ìkùukùu ń gbé, gòkè ṣáá. Ṣùgbọ́n gbọ́ tèmi, ìwọ ọmọ tó mọ àgbà á yí: bí o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, béèrè lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ kí o tó fi nǹkankan kàn án. Ẹni tó béèrè kì í ṣìnà."

"Mo ti gbọ́, ìyá," ni bàbá mi wí. Ẹ̀yin obìnrin tó wà níbí, ẹ mọ bí ọkùnrin ṣe ń wí i. Ó ti gbọ́!

Òkè náà kò jọ òkè ilé wa. Òjò kò rọ̀, síbẹ̀ gbogbo ewé ń kán. Irùngbọ̀n tútù yọ lára àwọn igi bí ẹni pé àwọn àgbà ìgbàanì ló dúró síbẹ̀. Bàbá mi ń fi ọwọ́ táràrà, títí imú rẹ̀ fi rí ọ̀nà kó tó di pé ojú rí i. Ó ní òórùn náà dà bí ìgbà tí àkọ́rọ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀, tí ẹnìkan ń sun àgbàdo tuntun nítòsí, tí ìyá ẹni sì ń kọjá lọ pẹ̀lú àdí àgbọn lórí. Ó ní òun rántí gbogbo ẹni tó ti ṣe òun lóore.

Ibẹ̀ ló wà. Igi kékeré, ewé rẹ̀ nípọn, ó ń dán, òdòdó rẹ̀ sorí kọ́ bí ìyàwó tuntun níwájú àna, pupa ní ọ̀fun, funfun ní ètè.

Ẹ ó ní kó já ẹ̀ka kan kó máa bọ̀ nílé. Ẹ̀yin kò mọ ọdẹ. Ó wò ó, ó rí i pé ẹ̀ka kan kò tó. Gbòǹgbò, igi, erùpẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ kó wá gbìn síwájú ilé, kí àwọn ọdẹ ìlú máa wá dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Ó nílò igi tí yóò fi walẹ̀. Ẹ sì mọ àṣà wa: ohun tí a bá rí nínú igbó tí a kò lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà, ìbáà ṣe igi ìdáná, ìbáà ṣe oyin inú ihò, a ó pa ààlè sí i, kí ẹni tó bá dé lẹ́yìn wa mọ̀ pé ó ti lólúwa. Bàbá mi fa màrìwò yọ nínú apó, ó so ó mọ́ igi náà lọ́rùn, ó ta á ní kókó, ó sì yíjú láti lọ gé igi ìwalẹ̀.

Àwọn òdòdó pa dé lẹ́ẹ̀kan náà. Òórùn náà ká lọ. Kùrukùru ki, ó gbé ojú, ó gbé ẹnu, ó sì di ẹnìkan: bọ̀kọ̀tọ̀ ńlá tí kò léegun, tí omijé kún ojú rẹ̀ bámúbámú. Ìkùukùu fúnra rẹ̀ ni, ọkọ ìyàwó.

"Ta," ni ó wí, ohùn rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń da ògì sínú agbada, "ta ló so okùn mọ́ ìyàwó mi lọ́rùn?"

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìbọn kò wúlò. Ta ni í yìnbọn fún ìkùukùu? Ahọ́n nìkan ló kù. "Bàbá Olókè, ẹ̀yin gan-an ni mo ṣe é fún! Ní ìlú wa, ohun tí ààlè bá wà lára rẹ̀, olè pàápàá kì í fọwọ́ kàn án. Mo dé, mo bá arẹwà tó dá dúró, kò sí àmì lára rẹ̀ pé ó lọ́kọ. Ọkàn mi gbọgbẹ́ nítorí yín. Afẹ́fẹ́ ń kọjá, oyin ń kọjá, ẹyẹ ń ki ẹnu gígùn bọ̀ ọ́ lẹ́nu..."

"Ẹyẹ wo?"

"Mo kàn ń fi ṣe àpẹẹrẹ ni, bàbá."

"Mo ní ẹyẹ wo?" Ìkùukùu ti ń wú. Nígbà tó fẹ̀sọ̀ ro ọ̀rọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyẹn ni pé ẹni tó bá rí nǹkan yìí lọ́rùn rẹ̀ á mọ̀ pé tèmi ni? So òmíràn mọ́ ọn. So ó mọ́ gbogbo ẹ̀ka. So ó di ìdí."

Ni bàbá mi bá ń so, ló ń so, ó ń súfèé. Ó rò pé òun ti gbọ́n jù wọ́n lọ.

"Ẹ̀yin méjèèjì," ni ohùn tíńrín kan wí láti inú ewé, "ṣé igi ìdáná ni mí?"

Súfèé kú sí bàbá mi lẹ́nu. Ìyàwó Ìkùukùu ló ń sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Obìnrin tó bínú dénú kì í pariwo.

"Ìwọ ọdẹ, ta lo bi kí o tó so mí? Ìwọ ọkọ mi, ọjọ́ wo ni mo sọ fún ọ pé mo fẹ́ sọnù? Ẹ tú u."

Wọ́n tú u. Ẹ bá rí i bí ọdẹ àti ìkùukùu ṣe ń du kókó màrìwò, tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò gún ara wọn! Nígbà tó tán, bàbá mi kúnlẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìkúnlẹ̀ ọgbọ́n mọ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ Àwẹ̀ró, ìyá mi, fún igi náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú, agbára rẹ̀ tó ń jò, àti ọmọ olóríkunkun tó ní òun kò ní í jáde.

Igi náà rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ìrì já lára rẹ̀. "Ẹni tí kò tíì rí ayé ti ń ṣe fáàrí! Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n, ọdẹ, bí o bá gbé mi sọ̀kalẹ̀, kí o tó dé ẹsẹ̀ òkè mo ti di ewé gbígbẹ. Ooru yín kì í ṣe tèmi. Òórùn mi nìkan ló lè dé ọ̀dọ̀ aya rẹ, bó bá wù mí láti rán an. Wọ́n ní o mọ nǹkan wò?"

Inú bàbá mi dùn, ẹnu rẹ̀ là. "Èmi kẹ̀! Mo mọ ibi tí ẹtu ń sùn sí. Mo mọ etí tí ọ̀yà fi ń gbọ́ òjò. Bí òkété bá fẹ́ já sí ẹ̀yìn, iwájú ni mo ti ń dúró dè é!"

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí oyún yìí ti wúwo, ẹ̀gbẹ́ wo ni Àwẹ̀ró fi ń sùn?"

Bàbá mi wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ̀gbẹ́... ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ògiri."

"Ògiri wo?"

Ìkùukùu bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i. "Ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín? Láti ọjọ́ tí o ti ń dì mọ́ mi, àwọ̀ wo ni ọ̀fun òdòdó mi?" Ẹ̀rín yẹn gé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn wínníwínní.

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá," ni igi wí fún bàbá mi. "Padà sílé. Bí o bá ti mọ̀ ọ́n, kọjú sí òkè yìí kí o pariwo rẹ̀. Mo ń gbọ́. Bó bá jẹ́ àbá lo dá, òdòdó mi kò ní í ṣí fún ọ láéláé."

Bàbá mi wọ ìlú pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọdẹ́ṣínà, òdòdó dà? Àbí ẹfọ̀n kò yà fún ọ mọ́?" Ó kọjá lára wọn bí aláìgbọ́. Ó bá Ìyá Ejídé tó ń fi omi tútù pa ìyá mi lórí, kò sì rẹ́rìn-ín sí i. Ojú ìyá mi ti jìn. Bàbá mi gbé ìbọn tì, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, níbi tí kò jókòó sí rí.

"Àwẹ̀ró, ẹ̀gbẹ́ wo lo fi ń sùn?"

Ìyá mi wò ó títí. "Ṣé ẹmu lẹ mu wálé ni?"

"Jọ̀wọ́. Sọ fún mi."

"N kì í sùn, bàálé mi. Bí mo bá fi ọ̀tún lélẹ̀, ọmọ yìí á ta mí nípàá. Bí mo bá fi òsì lélẹ̀, èémí mi á gé. Mo máa ń fi ẹ̀yìn ti ògiri ni, kí n máa gbọ́ bí ẹ ṣe ń hanrun. Ó ti pẹ́ tó ti ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin kò bi mí rí."

Bàbá mi dìde. Ó gbọ̀nà òde, ó dúró níwájú àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀, níwájú gbogbo àdúgbò, ó kọjú sí òkè, ó sì fi ohùn tó fi ń lé ẹfọ̀n kígbe: "Kì í sùn! Àwẹ̀ró kì í sùn rárá! Èmi ni mo ń sùn!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ sí i, afẹ́fẹ́ yí padà. Ìyàwó Ìkùukùu ti ṣí gbogbo òdòdó rẹ̀ gbayawu, ó rán òórùn rẹ̀ sísàlẹ̀. Ìkùukùu ńkọ́? Òjòwú! Ibi tí òórùn ìyàwó rẹ̀ bá ń lọ ni òun náà ń lọ. Ó yí gbirigbiri sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, ó bo oko, ó bo òrùlé, ó gba ojú fèrèsé wọlé. Ní ọ̀sán gangan, ẹnikẹ́ni kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ ní Ìdí-Ọsàn.

Èmi fa imú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti di arúgbó, mo ti jẹ, mo ti mu, mo ti fẹ́ ọkọ tó dára, mo ti fẹ́ èyí tí kò dára. N kò tíì gbọ́ òórùn bí ìyẹn mọ́. Mo yọ̀ jáde bí ẹja.

"Mo ti gbá a mú!" ni Ìyá Ejídé kígbe nínú kùrukùru.

"Èmi náà ti gbá a mú!" ni bàbá mi kígbe, ó ń fọwọ́ wá mi kiri. "Ọkùnrin ni! Háà, ọkùnrin ni, ó sì ṣe gbọọrọ! Ẹ̀yin ọdẹ, mo bí ọ̀gá yín!"

"Ọdẹ, tú ọwọ́ rẹ sílẹ̀," ni Ìyá Ejídé wí. "Okùn ìwọ́ lo dì mú."

Nígbà tí ìkùukùu ká padà lọ sí orí òkè, wọ́n rí mi: obìnrin, orí rọ̀gọ̀dọ̀, ojú bí ti ẹni tí ó fẹ́ gba ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá mi ti sùn lọ fọnfọn kí wọ́n tó gé ìwọ́ mi. Ìlú dé pẹ̀lú ijó àti ariwo, wọ́n ń lu agogo, wọ́n ń ké "ẹ kú ewu ọmọ!" Wọ́n bá bàbá mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, ìbọn wà ní èjìká rẹ̀, ìka ìfábẹ̀lá wà lẹ́nu.

"Ẹni tó bá wúkọ́ níbí," ni ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "màá ṣe é bí mo ṣe ń ṣe ẹfọ̀n. Aya mi ń sùn."

Àwọn tó ń lu agogo gbé e sábẹ́ apá. Àwọn ọdẹ bọ́ bàtà. Gbogbo ìlú jókòó sórí ilẹ̀ níwájú ilé wa, wọ́n ń fi ojú jó, kò sẹ́ni tó mí sókè. Ajá gan-an dákẹ́.

Èmi nìkan ni mo ń ké. N kò sì tíì dákẹ́ títí di òní.